Ìwé Màmá Ladi àti Ètò Tó Máa Ń Wúwo Lọ́sàn-án

Kabong, Jos.
Òwúrọ̀ Sátidé.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Wá ibi jókòó kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé yìí, torí ó gùn. Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín, pé kí ló dé tí Dádì kò tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù bíi gbogbo ayé, tàbí kó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kó lè yá. Yorùbá ni mo fẹ́ fi bá ọ sọ eléyìí. Mo mọ̀ pé Hausa yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, àwa tí a tọ́ ọ ní Kabong la sì jẹ̀bi ìyẹn. Níbi tó bá ti le, kà á sókè, etí rẹ á gbọ́ ohun tí ojú rẹ kò rí. Bàbá mi àgbà tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ nílùú yìí kò mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n bó bá ní ọ̀rọ̀ tó wúwo láti bá ọmọ rẹ̀ sọ, á ránṣẹ́ pe akọ̀wé, á sì jókòó tì í títí yóò fi kọ ọ́ tán ní Yorùbá. Lónìí èmi ni akọ̀wé ara mi.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ti lọ sí ọjà Farin Gada láti àárọ̀ lọ ra pòtétò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa gbé bọ̀ wá fún ọ lọ́la, torí ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí pòtétò gidi ní Ìbàdàn. Má bá a jiyàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ló máa mú ìwé yìí wá, pẹ̀lú ohun kan mìíràn tí mo fi bébà dì. Má tíì tú u. Ka ìwé tán ná.

Lọ́jọ́bọ̀ tí o pè mí, o sọ pé ètò kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ yín kọ fún àwọn ilé oògùn ti ń jẹ mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà wọn. Láàárọ̀ á máa sáré, tó bá di ọ̀sán á máa wọ́, títí tí yóò fi dì pátápátá. O ní ojú ewé tó ń fi àwòrán oògùn hàn ni o fura sí, ìwọ fúnra rẹ lo sì kọ ọ́. O ní ọ̀gá yín kò fẹ́ gbọ́ ti wíwá ìdí rẹ̀. Ó ní kí o kọ ìwé ìtọ́ni sí àwọn oníbàárà pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló ń ṣí fèrèsé jù lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa pa ètò náà lọ́sàn-án kí wọ́n sì tún un tan. Ó fẹ́ kí ìwé náà wà lórí tábìlì òun lọ́jọ́rú. O ní oṣù kejì rẹ nìyí nínú oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán ọ wò, o kò sì fẹ́ kí wọ́n rí ọ bí olórí kunkun. O wá bi mí pé, "Dádì, ṣé kí n kàn kọ ọ́?"

Mo ní nẹ́tíwọ́kì kò dára, mo sì gé e. Àbẹ̀kẹ́, nẹ́tíwọ́kì dára. Ojú ló tì mí. Ìwé ìtọ́ni tí wọ́n ní kí o kọ yẹn, mo ti kọ irú rẹ̀ rí. Mo tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Yàtọ̀ sí ìyá rẹ, n kò sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí rí.

Nígbà tí o kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Tina Junction tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo ti fi ìwé kọ́ ara mi bí a ṣe ń kọ ètò, mo sì gbà pé láti ibí dé Bukuru kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi. Ilé ìwòsàn kékeré kan tí n kò ní dárúkọ ní kí n kọ ètò tí wọn yóò fi máa wá káàdì aláìsàn, torí káàdì bébà ti kún yàrá méjì fún wọn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́. Bí o bá tẹ orúkọ aláìsàn, fèrèsé kan á ṣí lójú kọ̀ǹpútà, káàdì rẹ̀ á jáde pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Mo rìn wálé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Ẹni tó ń lo ètò náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni Màmá Ladi. Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá Ladi wa yìí náà, ọmọ Berom, tó ń pè ọ́ ní Talatu torí ọjọ́ Ìṣẹ́gun la bí ọ, tó ń fi acha, ọkà wẹ́wẹ́ ilẹ̀ Jos, ránṣẹ́ sí wa lọ́dọọdún. Ibẹ̀ la ti mọra. Ó ti lo ọdún méjìdínlógún nínú yàrá káàdì kí n tó dé. Bí aláìsàn bá wọlé, ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ìyá tó bí i, kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọdún àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́, mo sì rò pé ọgbọ́n mi ni. Àìsí iná ló ń bò mí láṣìírí. Nígbà náà, iná kì í dúró ju wákàtí mẹ́ta lọ ládùúgbò yẹn. Bó bá lọ, kọ̀ǹpútà á kú, bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, ètò á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn jí. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi náà, bákan náà ni. N kò rí i rí kí ètò mi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìkú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn ra bátìrì ńlá tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹjọ́ dé. Láàárọ̀, ètò ń sáré. Lẹ́yìn ọ̀sán, o lè tẹ orúkọ aláìsàn kí o lọ mu omi kí o sì padà kí káàdì tó jáde. Nígbà mìíràn gbogbo rẹ̀ á dì, àwọn aláìsàn á sì máa wo ara wọn lórí bẹ́ǹṣì.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ti jáde níbẹ̀, gbà á kí n tó gbàgbé. Má ṣe sọ pé ètò rẹ dára nígbà tí o kò tíì fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ pẹ́ bí àwọn tó ń lò ó ṣe ń jẹ́ kó pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ máa ń pa á, ẹ ń tan án, nígbà ogún lóòjọ́, torí ẹ ń tún un ṣe. Obìnrin tó jókòó sí ilé oògùn tan tirẹ̀ ní aago mẹ́jọ, kò ní pa á títí yóò fi ti ilẹ̀kùn.

Àwọn oníṣẹ́ wa ń pe àìsàn yìí ní mẹ́mọ́rì tó ń jò. Orúkọ náà ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, torí kò sí ohun tó ń ṣàn lọ síbì kankan. Ètò ń gba àyè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ni, bó bá sì lò ó tán, kì í dá a padà. Wo abọ́ ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí ilé kan bá yá abọ́ mẹ́fà lọ tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ àga, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí ogún ilé bá ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ ìkórè a ó máa wá ewé tí a ó fi jẹun, bẹ́ẹ̀ kò sí abọ́ tó fọ́. O kò ní mọ̀ ní abọ́ kìíní, o kò sì ní mọ̀ ní ìkejì. Ìyẹn ló jẹ́ kó burú.

Ṣé mo wá ìdí rẹ̀? N kò wá a. Mo wò ó fún wákàtí kan, mo rí i pé bí wọ́n bá pa ètò náà tí wọ́n tún un tan, ara rẹ̀ á yá. Ni mo bá tẹ ìwé kan pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa pa ètò ní aago méjìlá ọ̀sán kó lè sinmi. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ "kó lè sinmi." Kọ̀ǹpútà wo ló ń sinmi, Àbẹ̀kẹ́? Àwọn nọ́ọ̀sì gbà mí gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án bí ẹni fi aṣọ bo ọmọ tó ń sùn, mo sì ń wò wọ́n, n kò sọ̀rọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n làpálàpá rọrùn láti pa, èèyàn á sì kí ọ kú iṣẹ́.

Ìsinmi yẹn náà kò tó nígbà tí aláìsàn pọ̀ sí i. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀ pe ìpàdé: òun, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, èmi, àti Màmá Ladi. Ó bi mí pé ṣé ètò ló ní àléébù ni, àbí ẹni tó ń lò ó. Inú mi ti gbóná kí ó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. O mọ̀ mí, inú mi máa ń tètè gbóná níbi tí mo bá ti jẹ̀bi. Mo ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe ètò náà, sà. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni kò tíì mọ́ ọn."

Màmá Ladi wà níbẹ̀. Ó wò mí, lẹ́yìn náà ó wo itan rẹ̀, níbi tó gbé ìwé kékeré kan lé. Nígbà tí a jáde, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ìwé náà sí mi, ó ní, "Duba wannan, Oga kwamfuta." Ìyẹn ni pé kí èmi ọ̀gá kọ̀ǹpútà wo èyí. Mo ní to, na gode, pé ó dára, mo dúpẹ́, mo sọ ọ́ sínú báàgì, mo gun ọ̀kadà mi lọ. N kò ṣí i. Kí ni obìnrin tó ń to káàdì fẹ́ fi kọ́ èmi?

Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n yọ ọ́ nídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé síbẹ̀, wọ́n sì ní kí Màmá Ladi máa gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ mú àwọn káàdì bébà àtijọ́ wá sísàlẹ̀ bí wọ́n bá nílò wọn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà.

Ọmọbìnrin tuntun yẹn kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wá ẹjọ́ kan náà wá. Ọwọ́ tiẹ̀ mọ́ ọn o, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ta ayò. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀ kí n ronú. Dípò bẹ́ẹ̀, mo dá bátìrì lẹ́bi. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Mo dá kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lẹ́bi, mo tú u palẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo tò ó padà. Mo dá òtútù Jos lẹ́bi, mo dá eruku ọyẹ́ lẹ́bi. Gbogbo ohun tó wà nínú yàrá yẹn ni mo fura sí, àyàfi ohun tí èmi kọ.

Ìwọ lo gbà mí. Ní ọ̀sán Sátidé kan, o tú báàgì mi ká lórí ilẹ̀, o ń wá bísíkíìtì. Ìgbà tí mo fi máa dé, o ti fi eyín kéékèèké ẹnu rẹ gé etí ìwé kékeré kan. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ láti nù ún, ni mo bá rí nǹkan tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò: oṣù mẹ́rin ni mo ti ń gbé e kiri.

Màmá Ladi ti fi Hausa kọ gbogbo ọjọ́ sílẹ̀, ìlà kan fún ìgbà kan. Kati 40, lafiya: káàdì ogójì, àlàáfíà. Kati 90, nauyi: ó ti ń wúwo. Kati 130, ya tsaya: ó dúró. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀. Mo ṣí i síwájú, mo bá ọjọ́ ọjà kan tí òjò rọ̀, tí aláìsàn kò wá. Kati 30 péré láti àárọ̀, kò sì pa ètò náà lọ́sàn-án. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé lafiya har yamma, àlàáfíà dé ìrọ̀lẹ́. Ojú mi là. Kì í ṣe pé ètò ń rẹ̀ ẹ́ nítorí ó pẹ́. Iye káàdì tí wọ́n ṣí ló ń pa á. Ní ojú ewé mìíràn ó kọ babu hoto, ìyẹn ni pé kò sí fọ́tò: ọjọ́ àbẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ ni, tí a kì í ya fọ́tò wọn sí káàdì, ètò sì gbé igba káàdì láìdúró. Obìnrin tí mo ní ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ ọn ti ṣe ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ mi fún mi, pẹ̀lú bírò.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó ti ètò náà. Mo ṣí káàdì kan, mo tì í. Mo tún ṣí i, mo tún tì í, mo sì ń wo iye mẹ́mọ́rì tó ń lò. Ó ń gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Nínú èdè tí mo fi kọ ọ́, bí o bá ní kí fèrèsé pa dé, ó kàn ń fi ara pamọ́ ni, àfi bí o bá sọ fún un gbangba pé kó pa rẹ́. N kò sọ fún un. Gbogbo káàdì tí Màmá Ladi ṣí láti àárọ̀, tó rò pé òun ti tì, wà níbẹ̀ lẹ́yìn aṣọ, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, wọ́n to ara wọn títí àyè fi tán. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi tún un ṣe. Ìlà kan, Àbẹ̀kẹ́.

Nítorí náà, gbọ́ bí mo ṣe ń wá a látìgbà náà. Tan ètò yín, ṣí ojú ewé àwòrán oògùn yẹn kí o sì tì í lẹ́ẹ̀mejì, torí ìgbà àkọ́kọ́ ètò máa ń kó àwọn nǹkan tó nílò jọ, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ya àwòrán mẹ́mọ́rì, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lásìkò náà àti iye wọn. Lẹ́yìn náà, ṣí i kí o tì í nígbà mọ́kànlá, má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Mo fẹ́ràn mọ́kànlá ju mẹ́wàá lọ, torí mẹ́wàá pọ̀ káàkiri inú ètò, ṣùgbọ́n bí mo bá rí nǹkan tó fi mọ́kànlá lé, mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ṣe é. Ya àwòrán kejì, kí o gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Èdè tí ẹ̀yin ń lò ní agbálẹ̀ tirẹ̀, tó ń kó ohun tí ẹnikẹ́ni kò dì mú mọ́ dànù, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rò pé nǹkan kò lè jò lọ́wọ́ yín. Agbálẹ̀ kò ní kó ohun tí ẹnìkan ṣì dì mú. Bí o bá ti rí mọ́kànlá rẹ, má béèrè pé kí ló dé tí kò lọ. Béèrè pé ta ló dì í mú, ta ló sì dì ẹni yẹn mú, títí o ó fi dé ìdí rẹ̀. Mo lè fi fìlà mi ta tẹ́tẹ́ pé ojú ewé rẹ forúkọ sílẹ̀ níbì kan láti máa gbọ́ ìròyìn, bóyá iye oògùn tó kù, tí o sì gbàgbé láti yọ orúkọ náà nígbà tó ń pa dé. Ibi tó ti forúkọ sílẹ̀ ló dì í mú. Bí mo bá ṣì í sọ, fìlà mi di tìrẹ, aláwọ̀ ewé nì tí o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé: kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ń ga ló ń jò. Ètò mìíràn ń fi nǹkan pamọ́ kó lè yá nígbà mìíràn. Irú ìyẹn á ga, á sì dé ibì kan, á dúró. Èyí tó ń jò kì í dúró. Ṣe sùúrù kí o tó fẹ̀sùn kan nǹkan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Mo ti ń sá fún ibi tó le. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọjọ́ kejì tí mo tún ètò náà ṣe, ó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá àgbà bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Mo ní mo fi nǹkan díẹ̀ kún un. N kò sọ pé èmi ni mo fa àléébù náà. Mo ya ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri, mo fi sápò. Nígbà tí ìtìjú kò jẹ́ kí oúnjẹ wọlé mọ́, mo lọ bá Màmá Ladi nílé rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì. Kò mọ ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́, ó rò pé mo ṣubú ni, ó pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá gbé mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó bu omi fún mi. Ó ní òun ti mọ̀ látìgbà tí òun ti kọ ojú ewé kẹta. Ó wá ní, "A gaban mutane ka yi shiru, a gaban mutane za ka faɗa." Níwájú èèyàn ni mo ti dákẹ́, níwájú èèyàn náà ni kí n ti sọ ọ́.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìwọ wà nílẹ̀, ìyá rẹ kò tíì ríṣẹ́, mo ní àwáwí tó dára gan-an. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún un torí ó fẹ̀yìn tì ni mo tó dìde níwájú gbogbo wọn, tí mo sọ pé ètò mi ló ní àléébù, pé obìnrin yìí ló rí i, pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá àgbà kàn wò mí, ó ní ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́. Gbogbo ẹ̀rù tó ń bà mí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn pẹ̀lú ẹrù káàdì. Àbẹ̀kẹ́, orúnkún ọ̀tún Màmá Ladi, èyí tí o máa ń fi òróró pa fún un ní gbogbo ìgbà ọyẹ́ láti ọmọ ọdún méje, tó máa ń sọ pé ọwọ́ Talatu ló tu òun lára ju oògùn dókítà lọ, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá kúnlẹ̀ tì í báyìí, mo máa ń wá nǹkan ṣe níta. O bi mí lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí n kì í jókòó tì yín. Ohun tó dé nìyẹn.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyí, mo jẹ ọ́ ní gbèsè rẹ̀ látọjọ́bọ̀: má kọ ọ́. Nínú ilé oògùn kan, obìnrin kan jókòó tí wọn yóò fi ìwé yẹn bá wí, o kò ní mọ orúkọ rẹ̀ láé. Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun ṣì wà níwájú rẹ. Ṣe mọ́kànlá rẹ. Bá ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé oògùn náà sọ̀rọ̀, bi í pé kí ló máa ń ṣe kó tó wúwo, kí o sì gbọ́ tirẹ̀ tán. Lọ́jọ́rú, mú àwòrán mẹ́mọ́rì méjèèjì lọ bá ọ̀gá rẹ, fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé ojú ewé tí o kọ ló ń jò, ibi tó ti ń jò nìyí, bí a ó ṣe dí i nìyí. Má ṣe sọ pé bóyá. Má sì sunkún níwájú rẹ̀; bí ẹkún bá ń bọ̀, pè mí, nẹ́tíwọ́kì á dára. Bó bá gbà, a dúpẹ́. Bó bá ní kí o máa lọ, yàrá rẹ wà ní Kabong bí o ṣe fi í sílẹ̀, ìyá rẹ ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó rò pé n kò rí i. Mo fẹ́ràn rẹ ju iṣẹ́ èyíkéyìí lọ. Ó yẹ kí n máa sọ ọ́ ju báyìí lọ.

O lè tú bébà náà wàyí. Ìwé Màmá Ladi ni, àpá eyín rẹ ṣì wà létí rẹ̀. Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá kí n tó fi ránṣẹ́. Ó tẹ̀pá dé ẹnu ọ̀nà wa, ó ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn, ó ka àwọn ojú ewé tí kò tíì kọ nǹkan sí, wọ́n jẹ́ mẹ́rìnlá. Ó ní kí n sọ fún Talatu pé kó fi ìyẹn kọ tirẹ̀.

Bàbá rẹ, tó pa irọ́ nẹ́tíwọ́kì, tó sì ń tọrọ àforíjì.